Michael Faraday: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Fi Òòfà Fa Iná

  

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò jẹ ẹgba rí nítorí rédíò? Bí bàbá bá ti jáde tán, ọmọ a wá ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ mú, a fi tú ẹ̀yìn rédíò, nítorí ó fẹ́ mọ ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ jókòó sí. Nígbà tí bàbá bá dé, tí rédíò kò bá fọhùn mọ́, ẹgba ni yóò fọhùn. Láti ọjọ́ náà lọ, bàsèjẹ́ ni orúkọ ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Púpọ̀ nínú wa gbọ́ràn, a ká ọwọ́ wa kò, a sì gbájú mọ́ ìwé nìkan. Àwọn díẹ̀ kò gbọ́ràn. Àwọn ni ẹ ń rí nínú ilé ìgbé wa, tí wọ́n ń tún áyọ́ọ̀nù ẹlòmíràn ṣe ní òru, tí yàrá wọn kún fún wáyà àti ìṣó.

Nítorí àwọn wọ̀nyí ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan. Orúkọ rẹ̀ ni Michael Faraday. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ físíìsì mọ orúkọ yìí nínú òfin tí ẹ ń há sórí de ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè tàbí òfin ìlú lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí ń pariwo lẹ́yìn ilé nígbà tí iná bá lọ, ohun tí ọkùnrin yìí rí ní ọdún 1831 ni ó fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni kò lọ sí yunifásítì lọ́jọ́ kan láti kẹ́kọ̀ọ́, kò sì mọ ìṣirò tí ó ga.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1791 ni wọ́n bí Faraday ní Newington Butts, ní apá gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ ni James bàbá rẹ̀, tí ó kó ìyàwó rẹ̀ Margaret wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá ṣe iṣẹ́ ajé. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Michael sì ni ẹ̀kẹta. Àìlera kì í jẹ́ kí bàbá wọn lè di òòlù mú déédéé, nítorí náà ìyà jẹ ilé náà. Ní ọdún 1801, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó, búrẹ́dì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún Michael fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà.

Ilé ìwé tí ó lọ kò ju ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti kà, láti kọ àti láti ṣe ìṣirò kékeré. Ahọ́n rẹ̀ kò lè pe lẹ́tà R dáadáa. Bí ó bá fẹ́ pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Robert, Wobert ni yóò jáde. Wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí bí olùkọ́ wọn nínú débi pé ó fún Robert fúnra rẹ̀ ní owó bàbà kan kí ó lọ ra ẹgba wá, kí òun lè fi na àbúrò rẹ̀. Robert gba owó, ó jáde, ó ju owó náà sí ẹ̀yìn ògiri, ó sì sáré lọ fẹjọ́ sun ìyá wọn. Ìyá dé, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé ìwé náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Robert yìí sọ́kàn. A óò tún padà bá a.

ỌMỌ IṢẸ́ NÍ ILÉ ÌDÌWÉ

Nígbà tí Michael di ọmọ ọdún 13, ní 1804, ó di ọmọ ìránṣẹ́ fún ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ George Riebau, tí ó ń ta ìwé tí ó sì ń di ìwé ní òpópónà Blandford. Ìwé ìròyìn ni ọmọ náà ń gbé kiri láti ilé dé ilé. Ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ó ṣeé gbára lé. Ní ọdún kejì, ó gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ fún ọdún méje láìgba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń di ìwé rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. A ó to abala, a ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, a ó fi àtè lẹ̀ ẹ́, a ó ré etí rẹ̀ kí ó gún, a ó sì fi awọ bò ó. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ìwé bàjẹ́. Iṣẹ́ yìí ni Faraday fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ń di ìwé láìṣí i wò. Òun ń ka èyí tí ó ń dì. Bí ìwé ìmọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Encyclopaedia Britannica ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná. Ó tún ka ìwé kan tí obìnrin kan, Jane Marcet, kọ láti fi kọ́ àwọn ènìyàn ní kẹ́mísìrì.

Ìwà kan wà lára rẹ̀ tí ó yà á sọ́tọ̀: kì í gba ohun tí ìwé sọ títí tí yóò fi dán an wò. Ó ń fi owó kékeré tí ó ní ra èròjà, ó sì fi ìgò ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ìfọwọ́ra fa iná. Ẹ rántí bí òòyà tí a fi ya irun gbígbẹ ní àkókò ọyẹ́ ṣe ń fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra. Irú iná bẹ́ẹ̀ ni ìgò náà ń kó jọ bí ó ti ń yí. Ọ̀gá Riebau kò pè é ní bàsèjẹ́. Ó gbà á láyè kí ó máa ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ bí iṣẹ́ ọjọ́ bá ti parí.

Ayàwòrán kan, Masquerier, gbé ilé Riebau nígbà náà. Faraday ń gbá yàrá rẹ̀, ó ń nu bàtà rẹ̀, ọkùnrin náà sì ń kọ́ ọ bí a ti ń ya àwòrán ohun gẹ́gẹ́ bí ojú ti ń rí i. Kò sí owó láàárín wọn. Bàtà ni ó fi ra ìmọ̀.

ṢÍLÈ KAN FÚN ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ KAN

Ní ọdún 1810, Faraday rí ìkéde kan pé Ọ̀gbẹ́ni Tatum ń kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ilé rẹ̀ ní alaalẹ́. Ṣílè kan ni owó ìwọlé. Ní ọdún yẹn gan-an ni bàbá wọn kú. Níbo ni ọmọ iṣẹ́ yóò ti rí ṣílè? Robert tún dé. Òun náà ti di alágbẹ̀dẹ bíi bàbá wọn, nínú owó tí ó ń rí nídìí ẹwìrì ni ó sì ti ń san ṣílè náà fún àbúrò rẹ̀, ní ìgbà púpọ̀.

Ní ibẹ̀ ni Faraday ti bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tirẹ̀ pàdé, tí wọ́n jọ ń jiyàn, tí wọ́n jọ ń tún èdè ara wọn ṣe. Ní oṣù keje ọdún 1812 ó kọ lẹ́tà sí ọ̀kan nínú wọn, Benjamin Abbott, ó sì ròyìn bátìrì àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó gé síǹkì sí méje, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó owó bàbà kan. Ó fi owó bàbà méje lé wọn lórí, ó sì fi bébà tí ó rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Nǹkan yìí kéré, ṣùgbọ́n iná jáde nínú rẹ̀, ó sì fi iná náà tú èròjà kan tí ó yọ́ sínú omi ká. Ẹ wò ó dáadáa. Owó tí ẹlòmíràn ì bá fi ra àkàrà ni ó fi ṣe bátìrì.

ÌWÉ TÍ Ó FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ DÌ

Ní ọdún 1812 yìí kan náà, oníbàárà Riebau kan, Ọ̀gbẹ́ni Dance tí ó jẹ́ olórin, rí akitiyan ọmọ iṣẹ́ yìí. Ó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí Humphry Davy fẹ́ ṣe ní Royal Institution. Davy ni ọ̀gá kẹ́mísìrì nígbà náà. Òun ni ó fi iná bátìrì ya potassium àti sodium sọ́tọ̀ ní 1807. Faraday jókòó sókè, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó tún un kọ, ó ya àwòrán gbogbo ẹ̀rọ tí ó rí, ó sì dì í ní ìwé tí ó lẹ́wà.

Oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó gba fírídọ̀mù, ó sì lọ bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́. Ọ̀gá náà le, ọkàn Faraday kò sì sí nínú òwò mọ́. Ó kọ lẹ́tà sí ààrẹ Royal Society pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ kankan tí ó bá ti jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Kò rí èsì. Ó wá fi ìwé tí ó dì ránṣẹ́ sí Davy fúnra rẹ̀. Davy ti fi ojú pa nígbà tí èròjà kan bú gbàmù mọ́ ọn lójú, Faraday sì ti bá a kọ̀wé fún ọjọ́ díẹ̀. Inú Davy dùn sí ìwé náà, ó ránṣẹ́ pè é, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó fún un ni pé kí ó má fi iṣẹ́ ìdìwé sílẹ̀, nítorí sáyẹ́ǹsì kì í bọ́ ènìyàn yó.

Kò pẹ́ sí i, ọkùnrin tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ní Royal Institution jà pẹ̀lú ẹni tí ń ṣe irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì lé e lọ. Davy rántí ọmọ onídìwé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1813, Faraday wọlé: ṣílè 25 lọ́sẹ̀, yàrá méjì ní òkè pátápátá, pẹ̀lú èédú àti àbẹ́là. Ilé yẹn ni ó fi ṣe ibi iṣẹ́ títí ó fi darúgbó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ṣe bí aláàárù l'Ọ́yìngbò, kò lè ṣe bí Adégbọ́rọ̀ l'ọ́jà ọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1813 Davy àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ìrìn àjò gígùn ní Yúróòpù. Ọmọ ọ̀dọ̀ Davy kọ̀ láti bá wọn lọ, wọ́n sì bẹ Faraday pé kí ó bá wọn ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà di ọdún kan àti ààbọ̀. Ìyá àfin náà kò yéé fi hàn án pé ìránṣẹ́ ni. Ó fẹ́ padà sílé ju ìgbà kan lọ. Síbẹ̀ ó fara dà á, nítorí ní Faransé ó rí Ampère, ní Ítálì ó sì rí Volta, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe bátìrì. Èyí ni yunifásítì tirẹ̀.

WÁYÀ TÍ Ń JÓ YÍ ÒÒFÀ KÁ

Ní 1820, Oersted ará Dẹ́ńmáàkì rí i pé bí iná bá ń gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ òòfà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a yí. Gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù dìde sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1821, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Faraday gbé Sarah Barnard níyàwó, ó mú ife kan, ó fi ìda mú irin òòfà dúró nínú rẹ̀, ó sì da mákúrì sí i títí ó fi ku orí òòfà díẹ̀. Ó wá fi wáyà kan kọ́ láti òkè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mákúrì náà. Bí ó ti so bátìrì mọ́ ọn, wáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí yí òòfà ká, kò sì dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, iná mànàmáná ń mú nǹkan yí. Ìdílé kan náà ni fáànù orí àjà wa àti ẹ̀rọ tí ń lọ ata pẹ̀lú wáyà yìí.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Dókítà Wollaston, àgbà ọ̀mọ̀wé kan, ti gbìyànjú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Davy ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, kò sì bọ́ sí i. Faraday kò dárúkọ wọn nínú ohun tí ó tẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé olè ni, pé ó jí èrò àgbà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí kò lọ ilé ìwé gíga, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó lọ bá Wollaston fúnra rẹ̀, ó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ sì rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ kéékèèké tí a lè kì sápò, tí ó lè fi yíyí náà hàn, ni ó ṣe tí ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yúróòpù, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Èyí tí ó dùn ún jù ni ti ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ Faraday di ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society, Davy tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà ní kí ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Faraday kọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1824 wọ́n dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Ìbò kan ṣoṣo ni ó takò ó. Títí Davy fi kú ní 1829, Faraday kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa rẹ̀ ní gbangba. Ó mọ ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún un.

ỌDÚN MẸ́WÀÁ LẸ́NU ÌBÉÈRÈ KAN

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: bí iná bá lè bí agbára òòfà, ṣé òòfà kò lè bí iná? Ó dán an wò, kò ṣeé ṣe. Ó fi í sílẹ̀, ó tún padà sí i, kò ṣeé ṣe. Láàárín ìgbà yìí ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó sọ gáàsì chlorine di olómi ní 1823, gíláàsì sì bú mọ́ ọn lójú nídìí rẹ̀. Ní 1824 ó gé abala rọ́bà méjì, ó lẹ etí wọn pọ̀, ó sì fẹ́ gáàsì sí i. Bàlúùnù onírọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré ní ọjọ́ ìbí bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní 1825 ó rí benzene nínú òróró tí ń ṣẹ́ kù nínú gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1831, ó mú òrùka irin kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó íńṣì mẹ́fà. Ó ká wáyà bàbà mọ́ apá kan rẹ̀, ó ká òmíràn mọ́ apá kejì. Wáyà ìgbà náà kò ní rọ́bà lára, nítorí náà ó ní láti fi òwú àti aṣọ là wọ́n láàárín, ìpele lé ìpele, kí bàbà má baà kan bàbà. Ọwọ́ tí ó ti rán ìwé fún ọdún méje ni ó ṣe é. Ó so apá kejì mọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ òòfà wà, ó sì so apá kìíní mọ́ bátìrì. Abẹ́rẹ́ náà mì, ó sì padà dúró. Nígbà tí ó yọ bátìrì, ó tún mì.

Ibí yìí ni àwọn ẹlòmíràn ti ṣìnà. Wọ́n ń retí kí abẹ́rẹ́ yí kí ó sì dúró síbẹ̀. Faraday rí i pé òòfà tí ó dúró gbagidi kò lè bí iná. Ìgbà tí agbára rẹ̀ bá ń pọ̀ tàbí tí ó ń dín kù, tàbí tí nǹkan bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ni iná ń jáde. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, ó ká wáyà mọ́ ara bébà tí ó ká róbóróbó, ó ti irin òòfà bọ inú rẹ̀, iná jáde. Ó fà á yọ, iná tún jáde, ṣùgbọ́n ó dorí kọ ìhà kejì. Ní ọjọ́ 28, ó yí àwo bàbà kan láàárín ẹnu òòfà ńlá kan, iná sì ń ṣàn láìdáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí àwo náà bá ń yí. Jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ ayé nìyẹn. Bí omi ni ó ń yí i ní Kàìnjì, bí epo pẹtiróòlù ni ó ń yí i lẹ́yìn ilé wa, ìlànà kan náà ni.

Ìṣirò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Ó wọ́n ìyẹ̀fun irin sí orí bébà, ó fi òòfà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì rí bí irin náà ti ń tò bí ìlà láti orí kan dé èkejì. Àwọn ìlà yìí ni ó fi ń ronú. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni James Clerk Maxwell, ará Scotland, tẹ̀lé ìlà wọ̀nyí, tí ó sì sọ wọ́n di ìṣirò. Ọ̀nà yẹn ni rédíò gbà wá sáyé, rédíò kan náà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà wá.

KÒ SÍ ÌDỌ̀TÍ NÍNÚ OHUN TÍ Ó KÙ

Faraday kì í ju nǹkan nù. Gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀, èyí tí ó yọrí sí rere àti èyí tí kò yọrí, ni ó ń kọ sílẹ̀ tí ó sì ń fi nọ́mbà sí. Nọ́mbà náà kọjá 16,000. Láti 1825 dé ìgbà tí ó fi rí ti òòfà, wọ́n ti gbé iṣẹ́ kan fún un pé kí ó ṣe gíláàsì tí yóò dára fún awò awòràwọ̀. Ọdún púpọ̀ lọ sí i, gíláàsì náà kò sì wúlò fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ó kó o pamọ́. Ní 1845, ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀kan nínú gíláàsì yẹn sí ẹnu òòfà alágbára, ó tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì rí i pé òòfà náà yí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún padà díẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ àti òòfà mọ ara wọn. Gíláàsì tí ó já a kulẹ̀ ni ó fi rí i.

Ọ̀rọ̀ Robert náà nìyí o. Faraday jẹ́ olùgbaniníyànjú fún Trinity House, àwọn tí ń bójú tó ilé iná etíkun tí ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi. Ní ìgbà òtútù, èéfín àti ooru fìtílà a máa sọ di omi lára gíláàsì, kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jáde dé orí òkun. Faraday ṣe ihò èéfín kan tí ń kó èéfín náà gba ọ̀nà mìíràn jáde. Owó wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ilé ńláńlá náà fẹ́ ẹ fún fìtílà tiwọn. Kò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀. Robert ni ó gbé e fún, tí ó ń ṣe iṣẹ́ fìtílà oní-gáàsì nígbà náà, Robert sì fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1843. Ṣílè tí ẹ̀gbọ́n san ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ti so èso.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé nǹkan láti nǹkan bí 1840. Síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìgbà Kérésìmesì. Ìgbà 19 ni ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì náà. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, àbẹ́là kan ṣoṣo ni ó fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe ààrẹ Royal Society, ó kọ̀. Michael Faraday lásán ni ó fẹ́ jẹ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1858, wọ́n tan iná mànàmáná ní ilé iná South Foreland, lẹ́bàá Dover. Ẹ̀rọ tí ó ń fa iná náà, òòfà àti wáyà tí ń yí ni. Ní oṣù kejì ọdún 1860, bàbá ẹni ọdún 68 yìí la yìnyín kọjá, ó gun ògiri, ó sì fo ọgbà, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gé síǹkì sí méje kò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1867, lórí àga rẹ̀, nínú ilé tí Ọbabìnrin Victoria fún un láti máa gbé ní Hampton Court. Kò bí ọmọ. Itẹ́ òkú Highgate ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KỌ́ WA

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò sọ ìtàn yìí kí a lè máa sọ pé ìyà dára, tàbí pé kí a dákẹ́ nígbà tí yàrá àyẹ̀wò kò bá ní irinṣẹ́. Faraday gan-an kò ní ṣe ohun tí ó ṣe bí kò bá wọ inú yàrá àyẹ̀wò tí ó pé. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ẹ̀tọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń dúró dè é, owó bàbà méje lè di bátìrì.

Ohun kejì ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa mú lọ. Ọwọ́ Faraday mọṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ẹnì kan ju owó ẹgba sí ẹ̀yìn ògiri. Ọ̀gá kan gbà á láyè. Ẹnì kan san ṣílè, ẹnì kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú ilé ìgbé wa níbí, tí a ti jìnnà sí ilé bàbá wa, ọmọ kan wà tí ń tú nǹkan palẹ̀ ní òru, tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà nítorí ariwo rẹ̀. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù fún un. Ǹjẹ́ kí a jẹ́ Robert fún un. Bí a kò bá ní ṣílè, ẹ jẹ́ kí a má rán ara wa lọ ra ẹgba.

Ire o.